Ọdún tí Mo Tọ́ Ìlú Ọlọ́pàá Wò fún Kẹ́hìndé

Ọdún tí Kẹ́hìndé ò fi sí nílé ni mo kọ́kọ́ dá abọ́ jẹ. Ìbejì ni wá, èmi Táyé obìnrin, òun Kẹ́hìndé ọkùnrin, láti ìgbà tí wọ́n sì ti já wa lẹ́nu ọmú ni Màmá ti ń bu oúnjẹ wa pọ̀ sínú abọ́ pupa kan tí etí rẹ̀ ti bó. Apá ọ̀tún ni Kẹ́hìndé máa ń jẹ, èmi a máa jẹ tòsì. Kò sẹ́ni tó fa ààlà sí i fún wa, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń kọjá ààlà. Lọ́dún yẹn, Màmá ò pààrọ̀ abọ́. Yóò ro ọkà àgbàdo tí àwọn ará ibí ń pè ní sáàgbò, yóò bu ọbẹ̀ ilá lé e, yóò gbé e síwájú mi. Èmi a jẹ tòsì tán, n óò wá jókòó, n óò máa wo tọ̀tún. Ìyá Sìkírá, ẹ̀gbọ́n Bàbá wa obìnrin tó ń gbé yàrá ẹnu géètì, yóò ní, "Jẹ ẹ́ jàre, àbí eṣinṣin lo ń pa á mọ́ fún?" Nígbẹ̀yìn, mo máa ń jẹ ẹ́. Ebi kì í bá èèyàn dárò.

Bilbalogo ni ilé wa wà, ní Ouagadougou, níbi téèyàn ti ń gbọ́ ariwo ọjà ńlá láti ẹnu géètì. Tí ojú mi bá ti là láàárọ̀, etí ni mo fi ń mọ ẹni tó ti jí. Màmá á ti máa gbálẹ̀, ọwọ̀ rẹ̀ á máa dún ṣàà, ṣàà, lórí ilẹ̀ pupa. Ìyá Sìkírá á máa ja tẹ̀sùbáà bí ẹni tó ń bá aládùúgbò rojọ́. Àgbò tí Bàbá so mọ́ ìdí dongoyárò á máa ké, Bàbá fúnra rẹ̀ á sì máa da nọ́ọ̀tì àti ṣéènì sínú garawa, nítorí ẹ̀yà ara mótò ló ń tà, mótò ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí gbogbo Ouaga ń gùn, àtolówó àti tálákà. Ará Mọ̀sí ni Màmá, ọmọ Pissy, níbi tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ fọ́ òkúta. Ilé ọkọ ló ti kọ́ Yorùbá, ó sì máa ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń gbẹ́sẹ̀ lórí òkúta inú odò. Àwa ọmọ ńkọ́? Faransé la fi ń kàwé, Mooré la fi ń ṣeré, Yorùbá ni wọ́n fi ń nà wá.

Yorùbá ọ̀hún náà ló gbé Kẹ́hìndé lọ. Ìyá Àgbà, ìyá Bàbá wa tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, bá wa sọ̀rọ̀ lórí fóònù nígbà ìtúnu ààwẹ̀, ó ní òun ò gbọ́ nǹkan kan nínú ohun tá a sọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní kí Bàbá fún òun ní ọ̀kan nínú wa kí òun tó kú, kí òun lè kọ́ ọ lédè. Èmi ló yẹ kí n lọ. Gbogbo ẹni tó bá mọ̀ nípa ìbejì ló mọ̀ pé Táyé ni wọ́n ń rán ṣíwájú, Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n tó ń rán an, tí yóò jókòó títí ìròyìn á fi dé. Ṣùgbọ́n ibà dá mi dùbúlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí Bàbá fẹ́ rìnrìn àjò, ó sì mú Kẹ́hìndé lọ. Ìyá Sìkírá dúró lẹ́nu géètì, ó káwọ́ mọ́ àyà, ó ní, "Ẹ ti rán ẹ̀gbọ́n níṣẹ́ àbúrò. Ọ̀rọ̀ yìí ò gba ojú ọ̀nà." Bàbá ní ọdún iléèwé kan péré ni, pé tí ọlidé gígùn bá dé, Kẹ́hìndé yóò wá, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì yan ibi tó bá wù ú láti gbé. Mo gbọ́ ọ lórí ẹní tí mo sùn sí. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wá ohun tí yóò mú kó yan ọ̀dọ̀ wa.

Ìgbà ọyẹ́ ni ohun náà dé. Bọ̀dá Làsísì, àbúrò Bàbá tó máa ń kó ọjà láti Cotonou, gbé ẹ̀rọ gẹ́ẹ̀mù àlòkù kan wá, pẹ̀lú díìsì ẹyọ kan ṣoṣo, ti ọlọ́pàá. Ó gbé e lé orí tábìlì, ó ń ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń tajà. "Ìlú ńlá kan ni wọ́n kó sínú rẹ̀, Táyé. Kò dà bí àwọn tó jẹ́ pé ojú ọ̀nà kan lo máa tọ̀. Ibi tó bá wù ẹ́ lo lè gbà. Ọlọ́pàá ni ẹ́, wọ́n fún ẹ ní mọ́tò. Tó o bá dá rédíò inú mọ́tò lóhùn, wọ́n á rán ẹ níṣẹ́, wàá lé olè, wàá mú wọn. Tó ò bá sì dá a lóhùn, máa rìn kiri ìlú." Kó tó sọ̀rọ̀ tán ni Bàbá ti gbé ẹ̀rọ náà kúrò nílẹ̀. Nínú ilé wa, ohun tí wọn ò bá lè rà ní méjì fún ìbejì, wọn kì í rà á. Bàtà ọdún tiwa, méjì ni; nígbà tí Kẹ́hìndé lọ tán, Bàbá ṣì ra méjì, ó fi ọ̀kan rán àwọn tó ń lọ sílé. Ẹ̀rọ yìí kì í ṣe iṣu téèyàn á là sí méjì. Ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ní ó di ìgbà tí Kẹ́hìndé bá dé.

Mi ò sunkún. Mo kàn lọ jókòó sí abẹ́ dongoyárò, mo kọ̀ láti jẹun, tọ̀tún àti tòsì. Ìyá Sìkírá ló lọ bá Bàbá ní pálọ̀ lọ́jọ́ kejì. Bí ó bá ti pe Bàbá ní Múfú báyìí, a ti mọ̀ pé ẹjọ́ dé.

"Múfú, láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń bí ìbejì, ta ló ń kọ́kọ́ jáde?"

"Táyé ni, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Ta ló ń rán an?"

"Kẹ́hìndé ni."

"Kí ló ní kó lọ ṣe?"

Bàbá gbójú sókè wo kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà forí lé.

"Ó ní kó lọ tọ́ ọ wò bóyá ó dùn," ni Ìyá Sìkírá wí. "Tó bá dùn, kó ké, òun ń bọ̀. Ìwọ wá gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, o ní kí Táyé dúró de Kẹ́hìndé. Ìgbà wo ni Kẹ́hìndé ọ̀hún máa wá dé? O ti kọ́kọ́ dà á rú lẹ́ẹ̀kan, má tún dà á rú lẹ́ẹ̀kejì."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ nu ojú. Ó pè mí. Ó ní ọjọ́ Sunday nìkan, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ó ní n óò tọ́ ọ wò ni, mi ò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Kí n rìn kiri ìlú náà bó ṣe wù mí, ṣùgbọ́n kí n má dá rédíò lóhùn, iṣẹ́ inú rẹ̀ di ti àwa méjèèjì. Tó bá di ọjọ́ Friday tá a bá kírun Jímọ̀ tán, tí a pe Ògbómọ̀ṣọ́, kí n jábọ̀ fún ẹni tó rán mi. Ìyá Sìkírá fi tirẹ̀ kún un pé, "Má sì parọ́ fún un o. Táyé tó bá parọ́ fún Kẹ́hìndé, ara rẹ̀ ló tàn." Mo ní mo ti gbọ́. Nínú ọkàn mi, mo mọ̀ pé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀: kí ó dùn tó bẹ́ẹ̀ tí Kẹ́hìndé á fi padà wá.

Ọjọ́ Sunday àkọ́kọ́, gbogbo ilé ló jókòó sí pálọ̀. Mo tẹ́ ẹní, mo jókòó lápá òsì, mo fi ọ̀tún sílẹ̀. Bọ̀dá Làsísì fi mànẹ́ẹ̀tì lé mi lọ́wọ́, ohun tí wọ́n ń fi ọwọ́ méjèèjì dì mú tí wọ́n fi ń darí ẹni inú rẹ̀. Àwòrán tàn, ọlọ́pàá kan sì dúró níwájú àgọ́ wọn, ó kẹ́yìn sí wa, aṣọ búlúù, fìlà, ìbàdí tó kún fún nǹkan. Mo tẹ ibì kan, ó fò sókè. Mo tẹ ibòmíràn, ó jókòó sínú mọ́tò. Mo tún tẹ òmíràn, mọ́tò náà ta síwájú bí ewúrẹ́ tó já okùn, ó sì lọ kọlu òpó iná. Àwọn tó ń lọ lójú ọ̀nà ń pariwo, wọ́n ń sá. Lókè, lápá ọ̀tún, ìràwọ̀ márùn-ún wà níbẹ̀, bí mo bá ti ba nǹkan jẹ́, ọ̀kan á já. Mo kọlu ọkùnrin kan tó gbé àpò dání, méjì já lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ìràwọ̀ tán, ọ̀gá kan tó ní irun imú ńlá jáde wá, ó na ọwọ́, ó gba báàjì àyà mi. Wọ́n ti lé mi níṣẹ́. Ìyá Sìkírá yí ojú sí Bàbá, ó ní, "Wọ́n lé e nítorí pé ó kọlu èèyàn? Ìlú ibo nìyẹn?" Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

Bí mo ṣe kọ́ ìwà pẹ̀lẹ́ nínú gẹ́ẹ̀mù ọlọ́pàá nìyẹn. Mo ti gbọ́ lẹ́yìn ìgbà náà pé àwọn ọmọ míràn, eré sísá àti ìbọn ni wọ́n bá lọ síbẹ̀. Èmi ò mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni mo ń wa mọ́tò mi, mo ń dúró nídìí iná pupa tí kò sẹ́ni tó ń wò mí, mo ń wo ọ̀tún wo òsì. Ìlú náà mọ́ bí Ouaga 2000, àdúgbò àwọn olówó wa, ilé gíga, ọ̀nà gbòòrò, igi tí wọ́n gbìn sí ìlà. Ṣùgbọ́n mótò ẹlẹ́sẹ̀ méjì ò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí níbẹ̀, kẹ̀kẹ́ ò sí, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ń fa omi ò sí rárá. Obìnrin kan wà tó gbé agbòjò pupa, láti ẹnu ilé afọṣọ dé ẹnu báǹkì ló máa ń rìn, á yí, á padà. Bàbá arúgbó kan wà lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ajá. Bọ́tìnnì kan wà téèyàn fi ń kí wọn: ọlọ́pàá á gbọ́wọ́ sókè, á ní "Bonjour, madame." Mo máa ń lọ kí obìnrin alágbòjò nígbàkígbà tí mo bá wọlé. Ìyá Sìkírá á ní, "Wò ó, kò tilẹ̀ tẹríba. Ọmọ ta ni?" Ní gbogbo ìgbà yẹn, rédíò inú mọ́tò á máa ké. Ohùn obìnrin kan ni, ó ń pe gbogbo ọlọ́pàá tó wà nítòsí, ó ní wọ́n ń jalè níbì kan, kí ẹni tó bá gbọ́ dáhùn. Mi ò dáhùn. Àtàǹpàkò mi á wà lórí bọ́tìnnì náà, mi ò ní tẹ̀ ẹ́. Màmá máa ń rẹ́rìn-ín, ó ní irú ọlọ́pàá wo lèyí tí kì í mú olè.

Ọjọ́ Friday ni mo wà láyé fún. Tí Bàbá bá ti mọ́sáláṣí dé, á dúró sí abẹ́ dongoyárò pẹ̀lú fóònù rẹ̀, gbogbo wa á sì tò yí i ká, Màmá ṣáájú, èmi gbẹ̀yìn. Màmá ò ní ju kó béèrè bóyá ó ti jẹun, kó sọ ọ̀rọ̀ kékeré kan ní Mooré, kó ní "barka", ìyẹn ẹ ṣé, kó sì yára gbé fóònù fún ẹlòmíràn, á wá wọ yàrá ìdáná lọ. Tó bá kàn mí, Kẹ́hìndé kì í kí mi. Á ní, "Ó yá, sọ ọ́." Mo sọ fún un pé téèyàn bá jáde ní àgọ́ ọlọ́pàá, tó yà sí òsì, ilé afọṣọ ló máa kọ́kọ́ kàn. Mo sọ bí afárá ṣe ga, mo sọ bí òjò ṣe ń rọ̀ níbẹ̀ tí ọ̀nà á máa dán. Ó máa ń béèrè ohun tí mi ò rò. Ó ní, ṣé wọ́n ń kí ara wọn? Ó ní, níbo ni wọ́n ti ń kírun? Ó ní, ta ló ń dáná, ṣé èéfín ń jáde lágbàlá? Mo padà lọ wò ó ní Sunday tó tẹ̀ lé e, mo lọ láti òpópónà dé òpópónà, kò sí èéfín. Bí oṣù ṣe ń gorí oṣù, ohùn rẹ̀ ń yí padà. Kò sọ "d'accord" mọ́, ó ń sọ "ó dáa bẹ́ẹ̀". Yorùbá ẹnu rẹ̀ ti ń kún, ó ti ń wúwo. Inú Bàbá ń dùn. Èmi ńkọ́, ẹ̀rù ni.

Ìgbà kan wà tó béèrè pé, "Àwọn ọmọdé ibẹ̀, eré kí ni wọ́n ń ṣe?" Mo ní n óò lọ wò ó. Mo wá ọmọdé ní ìlú yẹn, mo wá a bí ẹni tó ń wá owó tó já bọ́ lọ́jà. Mo wọ gbogbo kọ̀rọ̀, mo lọ sẹ́yìn ilé ìtajà, mo lọ sí etí omi, mo dé iléèwé kan tí wọ́n ya àwòrán sí lára, géètì rẹ̀ ò ṣí. Àgbà ni gbogbo wọn. Kò sí ọmọ kan ní gbogbo ìlú náà, kò sí èyí tí wọ́n pọ̀n, kò sí èyí tó ń sá kiri. Mo mọ̀ pé tí mo bá sọ èyí fún Kẹ́hìndé, ìlú náà á korò lẹ́nu rẹ̀, kò sì ní wá. Mo lọ bá Ìyá Sìkírá níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà, mo ní ṣé mo lè fi èyí pamọ́. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ta ló rán ẹ?" Ní Friday, mo sọ ọ́. Mo ní, "Kẹ́hìndé, kò sí ọmọdé kankan níbẹ̀ o." Ó wá ní, "A jẹ́ pé àwa nìkan ni." Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn débi pé mo jẹ abọ́ mi tán láìwo ibì kankan.

Ìgbà ooru dé, pẹ̀lú ìgbà tí iná ìjọba ń lọ tó ń bọ̀. Ẹ̀rọ wa ò ní ohun tí wọ́n fi ń pa ìrìn mọ́ sínú rẹ̀, nítorí náà bí iná bá ti lọ, gbogbo ibi tí mo ti rìn dé á di òfo, tí iná bá padà, mo tún wà níwájú àgọ́ ọlọ́pàá. Bóyá ohun tó jẹ́ kí n mọ ìlú náà tó bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ kan, ní ọ̀sán gangan tí ooru ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè sùn, Màmá wọlé, ó nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀, ó sì jókòó sórí ẹní lápá ọ̀tún mi. Kì í jókòó síbẹ̀. Ó ní, "Mú mi lọ síbi omi." Mo wa mọ́tò lọ pẹ̀lẹ́, mo sọ̀kalẹ̀ lórí afárá, mo mú ọlọ́pàá náà dúró, ó kọjú sí omi tí kò lópin. Màmá ò tíì rí òkun rí, omi ìsédò Ouaga ló mọ̀. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Ṣé irú èyí ni wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá nígbà tí wọ́n ń mú un lọ?" Mo ní Bọ̀dá Làsísì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, lápá Cotonou. Ó ní, "Omi yìí pọ̀ jù." Rédíò ń ké nínú mọ́tò lẹ́yìn wa, a ò sì dá a lóhùn. Mo ti di abiyamọ báyìí, mo sì ti mọ ohun tó ń wò nínú omi yẹn. Nígbà náà, mo rò pé ìlú gẹ́ẹ̀mù ló wù ú.

Òjò ti ń rọ̀ nígbà tí Kẹ́hìndé dé. Bọ̀dá Làsísì ló mú un wá. Ó ga jù mí lọ, wọ́n ti fá orí rẹ̀, ó wọ bàtà ọdún tí Bàbá fi ránṣẹ́, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Ìyá Sìkírá nínú ẹrẹ̀. Ìyá Sìkírá bú sẹ́kún. Màmá di orí rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Àwa méjèèjì wo ara wa bí àjèjì, ojú ń tì wá. Abọ́ pupa ló là wá níjà: Màmá gbé e kalẹ̀, Kẹ́hìndé lọ sí ọ̀tún, mo lọ sí òsì, a sì jẹun. Lẹ́yìn oúnjẹ, Bàbá fúnra rẹ̀ ló tan ẹ̀rọ, ó na mànẹ́ẹ̀tì sí i, ó ní, "Ìwọ ni ẹ̀gbọ́n, bẹ̀rẹ̀." Kẹ́hìndé ò gbà á. Ó ní, "Kó kọ́kọ́ mú mi rìn ná."

Mo mú un rìn. Kí n tó dé kọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ló ti ní, "Ilé afọṣọ nìyẹn. Obìnrin alágbòjò ń bọ̀." Obìnrin náà sì yọ. Ó ní, "Kí i," mo kí i. Ó mọ ibi tí bàbá alájá wà, ó mọ iléèwé tí géètì rẹ̀ ò ṣí, ó mọ iye iná pupa tó wà kéèyàn tó dé afárá. Gbogbo ọdún yẹn, ó ti ń rin ìlú náà ní Ògbómọ̀ṣọ́, lórí ẹní Ìyá Àgbà, pẹ̀lú ẹnu mi nìkan. Mi ò tíì láyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láyé mi, mi ò sì mọ̀ bóyá mo tún láyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Nígbà tá a dé etí omi, rédíò ké. Kẹ́hìndé wò mí. Mo fi mànẹ́ẹ̀tì lé e lọ́wọ́, òun ló sì dá obìnrin yẹn lóhùn, lẹ́yìn gbogbo ìpè tó ti pè. Ohùn rẹ̀ yí padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó ní ó ṣeun tó o dáhùn. Àfi bí ẹni pé ó mọ̀.

A fi ọlidé náà jẹ ìlú yẹn tán. A lé olè lórí afárá, a lé wọn wọ ọjà, a mú ọ̀gá wọn nínú ọkọ̀ ojú omi. Kẹ́hìndé á wa mọ́tò, èmi a máa sọ ọ̀nà: yà síbí, ibẹ̀ ò ní àbájáde. Tí iná bá lọ, a bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, a ò bínú. Ó dùn, n ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n nínú eré sísá yẹn, kò sáyè láti dúró kí ẹnikẹ́ni mọ́. Lọ́jọ́ kan, a sá kọjá lára obìnrin alágbòjò, a fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a, Kẹ́hìndé ò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Mo rò ó pé kò burú, a ṣì máa padà wá kí i, àyè pọ̀ níwájú.

Ọ̀sẹ̀ tí iléèwé fẹ́ wọlé ni Bàbá pè wá sí pálọ̀. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, omi ń kán láti orí páànù sínú garawa nọ́ọ̀tì. Bàbá ní, "Kẹ́hìndé, mo ti ṣèlérí. Níbo lo fẹ́ gbé?" Èmi ò tilẹ̀ bẹ̀rù. Mo ti ṣe iṣẹ́ mi, mo ti ké pé ó dùn, ó sì ti wá. Kẹ́hìndé wo ilẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Ìyá Àgbà ò ríran dáadáa mọ́. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, èmi ni mo máa ń di ọwọ́ wọn mú lọ ṣàlùwàlá. Mo fi wọ́n sílẹ̀ wá, mi ò mọ ẹni tó ń dì wọ́n mú." Màmá dìde, ó jáde. Ìgbà náà ni mo fi ẹnu mi sọ ọ́, inú ń bí mi, omi ń bọ́ lójú mi: "Mo tọ́ ọ wò fún ẹ. Mo ní ó dùn. Ṣé kò dùn ni?" Ó ní, "Ó dùn, Táyé." Ó wá sún mọ́ mi, ó ń sọ̀rọ̀ bí àgbàlagbà, Yorùbá tó wúwo yẹn. "Ìwọ lo kọ́kọ́ wá sáyé, èmi ni mo kọ́kọ́ délé. Jẹ́ kí n tọ́ ilé wò fún ẹ. Bó bá dùn, n óò ké." Ìyá Sìkírá tó wà lẹ́nu ọ̀nà mi orí. Ó ní, "Mo wí fún yín pé ẹ ti dà á rú." Ṣùgbọ́n òun náà ló lọ di ẹrù rẹ̀ fún un.

Láti Friday tó tẹ̀ lé e, òun ló ń jábọ̀. Ó sọ bí máńgòrò ẹ̀yìnkùlé ṣe pupa, bí Ìyá Àgbà ṣe ń fi ọwọ́ pa ògiri mọ yàrá, bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn láti òdìkejì títì, tí èéfín ń jáde, tí ọmọdé kún ilẹ̀ bí èèrà. Èmi ni mo wá ń béèrè, ó ń lọ wò ó, ó ń padà wá sọ. Ẹ̀rọ gẹ́ẹ̀mù náà padà sórí kọ́bọ́ọ̀dù láìsí pé ẹnikẹ́ni pàṣẹ. Bí wọ́n bá fi aṣọ dì mí lójú lónìí, mo lè rin ìlú Ìyá Àgbà dé ibi kànga. Mo ti lọ síbẹ̀ rí, nígbà tí Ìyá Àgbà kú, mo sì tètè padà nítorí iléèwé. Ẹni tó wá sìnkú ò tíì délé. Lẹ́yìn náà, ọkọ dé, ọmọ dé, ara Bàbá ò le mọ́, ìsọ̀ ẹ̀yà mótò di tèmi. Ìyá Sìkírá ti lọ. Yàrá ẹnu géètì ni mo ń gbé báyìí.

Láìpẹ́ yìí, ọmọbìnrin mi, Ráfátù, pè mí wá wo gẹ́ẹ̀mù tuntun kan lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ti ọlọ́pàá náà ni. Ó ní wọn ò tíì ṣe é tán, pé àwọn tó ṣe é ló ní kí àwọn èèyàn kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀, kí wọ́n wá sọ bó ṣe rí lẹ́nu. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní Táyé ni wọ́n ń wá. Mo jókòó. Ẹ wò ó, ojú wíńdò ilé ń gbé àwòrán mọ́tò mi, òjò ń fi ojú omi sílẹ̀ lójú ọ̀nà, àwọn èèyàn ń rìn, wọ́n ń bá fóònù wọn sọ̀rọ̀, tí mo bá dúró tì wọ́n, wọ́n ń wò mí lójú. Ó dára ju tiwa lọ fíìfíì. Rédíò ké. Àtàǹpàkò mi gbéra, ó sì dúró. Ráfátù ní, "Maman, ẹ dá a lóhùn, mission ni." Mo ní kó ní sùúrù. Mo ń wa mọ́tò lọ pẹ̀lẹ́, láti òpópónà dé òpópónà, mò ń wá ọmọdé. Wọn ò tíì fi ọ̀kan síbẹ̀.

Friday ni, Jímọ̀ ti parí, fóònù mi sì dún. Mo sọ fún Kẹ́hìndé ohun tí mò ń ṣe. Ó ní, "Ṣé ó dùn?" Mo ní ó dùn, àmọ́ ọmọdé ò sí níbẹ̀ síbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "A jẹ́ pé àwa nìkan náà ni." Mo ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń ṣeré, mo ń gbọ́ ẹni tó ń gúnyán. Ó ní òun ti kun yàrá Ìyá Àgbà, òun ò fi ẹnikẹ́ni sínú rẹ̀, ti èmi ni. Ó ní, "Táyé, mo ti tọ́ ibí wò fún ẹ tipẹ́. Ó dùn. Mò ń ké láti ọjọ́ yìí wá, o ò gbọ́ ni?" Rédíò ọlọ́pàá ṣì ń pè lórí kọ̀ǹpútà, Ráfátù ń wò mí, ó ń dúró kí n dá a lóhùn. Mo ní mo gbọ́, mo ní mò ń bọ̀, bí mo ṣe máa ń sọ fún un lọ́dọọdún.